Ọ̀RỌ̀ TÍ Ń JÁDE LẸ́NU ẸNI TÍ INÚ Ń BÍ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú wa ní Ọ̀fà)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó bá wù mí, bí ó bá ṣáà ti kan ìlú. Èdè ni mo yàn, pàápàá èdè ẹni tí inú ń bí. Bóyá ẹnìkan yóò wí pé kí ni èyí já mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi wà nílẹ̀. Kí ó fi sùúrù gbọ́ mi ná.

Bí ẹ bá dúró díẹ̀ ní ọjà Owódé lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan yóò kígbe mọ́ èkejì rẹ̀ pé, “Má jẹ̀ẹ́ kí n ya wèrè fún ẹ o!” Ohun tí ó fẹ́ wí kò ju pé inú ń bí òun lọ.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ìbínú. Inú a máa bí ènìyàn; inú a máa ru; ènìyàn a máa kanra; a máa fara ya; bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní onítọ̀hún gbaná jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí ń kanra kò tí ì bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kékeré ni ó ń mú un jágbe, ó sì lè jẹ́ pé ebi ni ó ń pa á. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ru lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbaná jẹ, gbogbo agboolé ni yóò mọ̀. Onínúfùfù tún yàtọ̀, nítorí ìwà rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀ràn ọjọ́ kan. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí lè pẹ̀tù sí aládùúgbò rẹ̀ nínú kí iná tó ràn. Bí ó bá jẹ́ pé “ya wèrè” nìkan ni ó kù lẹ́nu wa, ìkanra àti ìjà àjàkú ti di ọ̀kan náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí bá. Àwọn ará Scotland a máa wí pé ẹni tí inú bí ti sọ orí rẹ̀ nù. Àwọn ará Australia ní ó ti tu rọ́bà tí wọ́n fi ń tan ọmọ ọwọ́ jẹ sílẹ̀. Èyí tí ó gbòde ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Kábíyèsí, ni pé onítọ̀hún ti sọ ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ nù. Àwọn ọmọ wa kan ń mú un bọ̀ wálé bí ẹni pé ọ̀làjú ni. Bẹ́ẹ̀ ni “vex” tí a ń sọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń sọ ní Jamaica àti Trinidad, tí àwọn olùkọ́ kan ń fi pàṣán lé kúrò lẹ́nu ọmọ, ojúlówó èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. Ó wà nínú Bíbélì wọn ti 1611. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ní ojú tèmi, ti wèrè ni ó burú jù. Àìsàn ni wèrè. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án kí wọ́n sì sùn láàárín ènìyàn bí tiwọn. Ìdílé tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Ẹni tí ń halẹ̀ pé òun yóò ya wèrè, òun yàn án: ó fẹ́ kí á bẹ̀rù òun, kò sì fẹ́ kí á bi òun léèrè ohun tí òun bá bà jẹ́.

Ọ̀fà kọ́ ni ó yẹ kí a ti máa gbọ́ èyí. Ta ni ó lè ròyìn ìlú yìí fún àlejò láì dárúkọ ìjàkadì? Ìjàkadì ní òfin. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà pàápàá a máa di ara wọn mú níbi ọdún ìbílẹ̀, wọn a sì tún jọ máa tún ìlú ṣe. Oníjàkadì tí ó bá gbaná jẹ ti gbàgbé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Nígbà tí mo bá gbọ́ òwe tí ó ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ọmọ Ọ̀fà ni ó kọ́kọ́ pa á.

Mo wà níbi ìpàdé ẹ̀ka kan ní ìdálẹ̀. Ọ̀dọ́ kan béèrè bí wọ́n ti ná owó ìdá. Akápò fèsì pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí òun ya wèrè fún un. Ìbéèrè náà tọ́, ìwé ìṣirò sì wà nínú àpò akápò lọ́wọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó tún bèèrè ìwé. Ọ̀rọ̀ wèrè ni a ń parí títí ilẹ̀ fi ṣú, ọ̀dọ́ mẹ́rin kò sì padà wá sí ìpàdé mọ́.

Nítorí náà mo dá àbá kan. Kí akọ̀wé wa bẹ àwọn agboolé kí àgbà kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìbínú nígbà èwe wọn, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí lọ́dún tí ń bọ̀. Èmi yóò san owó bébà rẹ̀.