Omi Ìwẹ̀ Gbígbóná àti Èéfín Inú Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Challenge, Ìbàdàn)

   Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera ilé. A rò ó, a tún un rò, a sì yàn láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí kò kéré rárá: bí a ti ń mú omi ìwẹ̀ wa gbóná.

Ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní àkókò ọyẹ́ tí ó kọjá, a pé jọ sí ilé ọ̀kan nínú wa ní àdúgbò Challenge yìí láti sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà ti dá iná igi sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbé omi ìwẹ̀ ọmọ lé orí ààrò, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n fún èéfín. Ìyá ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n gbé omi náà wá sórí gáàsì, nítorí pé èéfín kò dára fún ìkókó. Bí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ tí wọ́n ń fà á bọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ tí ó wà ní Ìlú Ọba sọ lórí fóònù pé gáàsì tí wọ́n ń yìn yẹn, àwọn ní ọ̀dọ̀ tiwọn ti ń múra láti fi í sílẹ̀, àti pé ìjọba a máa fi owó ran ẹni tí ó bá yọ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa dá iná igi mi lọ nígbà náà. Bí mo bá ní sùúrù díẹ̀ sí i, gbogbo yín ni ẹ óò padà wá bá mi níbí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ta ni ó jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà ní òkè òkun. Òótọ́ ni ó sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó ìrànlọ́wọ́ fún onílé ní England àti Wales dé 7,500 pọ́n-ùn, bí ó bá yọ ẹ̀rọ gáàsì tí ń mú ilé àti omi gbóná, tí ó sì fi ẹ̀rọ tí ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2023 kan náà, ìgbìmọ̀ tí ń mójútó afẹ́fẹ́ ní agbègbè San Francisco ṣe òfin pé, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2027, ẹ̀rọ amómigbóná kékeré tí a óò máa tà fún ilé gbígbé kò gbọdọ̀ tú gáàsì nitrogen oxide kankan jáde. Òfin náà, bí wọ́n ti ṣe é, kò ní kí ẹnikẹ́ni fa èyí tí ó ti wà nílé rẹ̀ tu. Ìgbà tí ó bá bàjẹ́ tí a fẹ́ ra òmíràn ni òfin mú un. Ìdí rẹ̀ ni pé, bí gáàsì bá ń jó, gbígbóná iná náà a máa mú nitrogen àti oxygen inú afẹ́fẹ́ dàpọ̀ mọ́ ara wọn, ohun tí ó sì ti ibẹ̀ jáde a máa yọ ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni jíjó gáàsì ń fi kún ooru tí ń gbilẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ìjọba tiwa náà ti sọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọdún 2021 sí 2030 ni ọdún mẹ́wàá gáàsì. Ní òpin ọdún 2023, ó sì yọ owó-orí VAT àti owó ibodè kúrò lórí gáàsì ìdáná. Síbẹ̀, ní Glasgow, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Nàìjíríà ṣe ìlérí pé, nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2060, òun kò ní í máa fi kún ẹrù èéfín ayé mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dojú rú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́: ẹnu tí ó ní kí a gun orí gáàsì náà ni ó ní a óò sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwa rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Àtẹ̀gùn ni. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kò lè fò dé òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó dé àárín kò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ kí ó rò pé òun ti dé ilé. Ilé ni a sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: kí olúkúlùkù wo ìgbésẹ̀ tí ó kan ilé tirẹ̀.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà ni igi, èédú àti kẹrosíìnì. Kò di ìgbà tí a bá lọ sí òkè òkun kí a tó rí ẹ̀rí ibi tí ń bẹ nínú wọn. Ìbàdàn wa yìí ni ẹ̀rí náà wà. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade wà lára wọn, kó aboyún 324 jọ tí ó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ kèké. Apá kan ń dáná bí wọ́n ti ń dá a tẹ́lẹ̀. Apá kejì gba sítóòfù tí ń lo ethanol, èyíinì ni ọtí líle tí a lè fi ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe. Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, nínú 100 àwọn tí ó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì, ó ju 6 lọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru. Nínú 100 àwọn tí ó ń lo ethanol, kò pé 2. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde fún gbogbo ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún kì í ṣe ohun eré. Ó ń pa ìyá, ó sì ń pa ọmọ.

Ẹ kíyèsí i pé kẹrosíìnì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a tọ́ dàgbà nídìí sítóòfù oníkẹrosíìnì, a sì kà á sí ọ̀làjú, nítorí pé èéfín rẹ̀ kò hàn tó ti igi. Ṣùgbọ́n àìhàn kì í ṣe àìsí. Ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gba àwọn ènìyàn níyànjú láti lo kẹrosíìnì nínú ilé.

Kí ni ó wá ń dá àwọn ìyá wa dúró sídìí igi àti èédú? Kì í ṣe àìmọ̀kan. Nígbà tí owó gáàsì gun òkè ní ọdún 2023 àti 2024, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ti fi èédú sílẹ̀ ni ó padà sídìí rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó péréte lọ́wọ́ lè fi ra ọ̀rá èédú kan, ṣùgbọ́n kò lè fi kún sìlíńdà. Nítorí náà, kí á má ṣe fi ìyá àgbà ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ jẹ́ kí a fi garawa omi kan ṣe ìṣirò. Láti mú omi lítà 20 kúrò ní tútù kí ó gbóná tó fún ìwẹ̀, ó gba nǹkan bí ìdajì yúníìtì iná mànàmáná. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí yúníìtì kan jẹ́ 209 náírà àti àbọ̀ fún àwọn tí ó wà ní Band A, garawa náà jẹ́ nǹkan bí 100 náírà. Bí a bá gbé e ka orí gáàsì nínú ìkòkò tí a dé, ó gba nǹkan bí 70 gíráàmù. Èyíinì ni pé sìlíńdà oníkílò 12 àti àbọ̀ lè mú garawa bí 180 gbóná. Kí olúkúlùkù fi iye tí a ń ta gáàsì ní àdúgbò rẹ̀ ṣírò tirẹ̀. Èrè tí ó wà nínú dídé ìkòkò nìkan kò kéré.

Gáàsì ní ewu tirẹ̀. Bí a bá ń jó o níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, ó ń mú gáàsì olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ń gba ipò oxygen nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó fà á símú lè rò pé oorun ni ó ń kun òun, kí ó sì kú sínú oorun náà. Irú gáàsì yìí kan náà ni ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Nítorí èyí, kí a má ṣe gbé ẹ̀rọ amómigbóná tí ń lo gáàsì sí inú ilé ìwẹ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ìta ni ààyè rẹ̀.

Ibí yìí ni a fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. A mọ ìfẹ́ tí ẹ ní sí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gáàsì tí ẹ bá ń yọ kúrò lára ògiri níbẹ̀, ẹ má ṣe kó o sínú kọ̀nténà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún wa. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ihò èéfín rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, pósí ni.

Kí ni ó wà ní òkè àtẹ̀gùn? Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín: ooru tí ẹ bá níbẹ̀ ni ó ń fà jáde láti inú oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ́pò gáàsì ní òkè òkun ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ sínú omi. Nítorí pé kíkó ni ó ń kó ooru, tí kì í ṣe dídá ni ó ń dá a, yúníìtì iná kan lè gbé ooru yúníìtì mẹ́ta wọ inú omi. Afẹ́fẹ́ tiwa tí ó móoru yóò tún rọrùn fún un ju ti London lọ. Iná tí kò dúró ni ìdènà.

Ṣùgbọ́n oòrùn kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní táǹkì dúdú lórí òrùlé ní Challenge yìí ti mọ̀ pé, bí a bá ṣí omi ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ọdún 1980 ni òfin ilẹ̀ Israel ti pa á láṣẹ pé kí ilé gbígbé tuntun ní ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn mú omi gbóná. Ní ọdún 2011, South Africa ṣe ìlànà pé, nínú ilé tuntun, ó kéré tán ìdajì agbára tí a fi ń mú omi gbóná gbọdọ̀ wá láti ọ̀nà mìíràn tí ó yàtọ̀ sí irin iná mànàmáná lásán. Oòrùn tiwa náà kò kéré.

Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ìpàdé yìí. Èkíní, ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fa èéfín símú jù, èyíinì ni àwọn aboyún, àwọn ìyá àgbà, àti àwọn tí ń se oúnjẹ tà lẹ́bàá títì. Kí a má sì fún wọn ní sítóòfù nìkan. Kí a dá àjọ gáàsì sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ títí sìlíńdà yóò fi kún, kí ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi sì máa dí àlàfo nígbà tí owó bá gun òkè. Èkejì, kí ilé kọ̀ọ̀kan tí ó ń lo gáàsì yẹ rọ́bà àti fèrèsé rẹ̀ wò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé tuntun fi ọ̀pá omi oòrùn sínú àwòrán ilé náà láti ìpìlẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tí a fi sí i nígbà tí a ń mọ ògiri kò ní í wọ́n tó èyí tí a fọ́ ògiri fún.

Ní ti ìyá àgbà wa, a ti padà lọ bá a. A kò sọ fún un pé ó jẹ̀bi. A bi í pé kí ni ó ń ṣe ojú rẹ̀ bí ó bá dáná tán. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹgbẹ́ yìí bá lè mú èéfín kúrò lójú ìyá kan ṣoṣo kí ọyẹ́ tí ń bọ̀ tó dé, owó tí a ń dá lọ́dọọdún kò já sí asán. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.