Olórí Tí Ó Jẹ́ Kí Iná Kú


Nínú ìwé Lord of the Flies tí William Golding kọ ní 1954, àwọn ọmọdékùnrin há sí erékùṣù kan láìsí àgbàlagbà. Ìbò ni wọ́n fi yan Ralph. Ó ní kí iná má ṣe kú lórí òkè, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí èéfín wọn. Jack kó àwọn tí ń ṣọ́ iná lọ ṣọdẹ. Ọkọ̀ kọjá, iná ti kú. Ẹran ni Jack gbé dé! Gbogbo wọn sì jẹ ẹ́, títí kan Ralph. Ṣé irú amíìrì tí ẹ̀yin náà ń fẹ́ nìyẹn?

Ralph pàápàá kò pé. Piggy ni olùdámọ̀ràn rẹ̀, síbẹ̀ Ralph fúnra rẹ̀ ni ó tú orúkọ ẹ̀gàn ọmọ náà síta, tí wọ́n fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpàdé tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti shúrà.