Ìtọ́jú Ara Wa ní Ìgbà Ọyẹ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín kì í ṣe àjèjì, nítorí kò sí ilé kan láàárín wa tí ọ̀fìnkìn àti ikọ́ kò wọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá ti mọ́ ni ènìyàn sábà ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ ni ewu sì ń bẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà a fẹ́ kí a jùmọ̀ wádìí ohun mẹ́ta: ohun tí ọyẹ́ ń ṣe sí ara wa, bí ikọ́ ti ń ràn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, àti ohun tí ó tọ́ kí olúkúlùkù ṣe.

Ní ìparí oṣù November, nígbà tí òjò bá ti dá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tòun ti eruku rẹ̀, títí di February tàbí March. Òtútù a mú ni ní òwúrọ̀, oòrùn a sì mú ní ọ̀sán; ètè a bẹ́, ẹsẹ̀ a là, tí olúkúlùkù yóò máa wá òrí tí yóò fi para. Bí ó ti ń gbẹ awọ ara tí a ń rí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbẹ inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun tí a kò rí. Omi díẹ̀ tí ń bẹ nínú imú ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: òun ni ó ń mú eruku àti kòkòrò àìrí, kí wọn má bàa dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá gbẹ, ẹ̀ṣọ́ ti sùn nìyẹn.

Síbẹ̀ òtútù nìkan kò lè bí ikọ́ àrànmọ́. Kòkòrò àìrí tí a ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, tí ó ń bá itọ́ àti èémí jáde nígbà tí aláìsàn bá wúkọ́ tàbí tí ó bá sín. Ọ̀fìnkìn lásán a máa wá díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n infulẹ́ńsà a ki ni mọ́lẹ̀ lójijì, pẹ̀lú ibà, orí fífọ́ àti ara ríro. Ẹni tí ó ní in lè kó o ran ẹlòmíràn láti ọjọ́ kan ṣáájú kí àìsàn náà tó hàn, títí di ọjọ́ 5 tàbí 7 lẹ́yìn rẹ̀. Kì í sì í ṣe ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ó ń jà. Ó ń jà ní ìgbà òjò pẹ̀lú.

Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù September ọdún 1918, infulẹ́ńsà bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó láti Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì sá kúrò ní ìlú lọ sí ìletò àti oko. Bí wọ́n sì ti ń sá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé àrùn náà dání. Ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí àwọn ìlú òkè. Ìṣirò ìjọba ni pé nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni ó kú ní ìhà gúúsù Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó mọ fáírọ́ọ̀sì náà nígbà náà. Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí i mú láti ara ènìyàn. Àwa tí a mọ̀ ọ́n lónìí, àwáwí wo ni a ní?

Èkíní, kí ẹni tí ó ń wúkọ́ pẹ̀lú ibà dúró sílé. A mọ̀ pé èyí ṣòro, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà Kérésìmesì, tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ wá sí ilé ìsìn, kí wọn sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ sọ fún un, kí a sì gbé oúnjẹ àti omi lọ bá a nílé, kí ó má bàa rò pé a ta á nù.

Èkejì, kí a fi aṣọ ìnujú tàbí ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu bí a bá ń wúkọ́, kí a sì máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ kíyè sí èyí gidigidi: àwọn kan a máa gbé ẹyín iná wọ yàrá nítorí òtútù, wọn a sì ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé pa. Èédú tí ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, èyí tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì lè pa gbogbo ará ilé lójú oorun. Aṣọ ìbora méjì sàn ju ẹyín iná kan lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe sáré ra oògùn apakòkòrò oníhóró ní ọjà. Bakitéríà ni ó ń pa. Kò ràn wá lọ́wọ́ sí fáírọ́ọ̀sì. Ìsinmi, omi mímu àti oúnjẹ gbígbóná ni ó tọ́ fún ọ̀fìnkìn. Kí a má ṣe fún ọmọdé ní ásípírìnì. Kí a sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ibà ẹ̀fọn àti infulẹ́ńsà jọ ara wọn.

Ẹ̀karùn-ún, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún infulẹ́ńsà. Ọdọọdún ni a ń gbà á, nítorí fáírọ́ọ̀sì náà a máa pa àwọ̀ dà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ń fún àwọn tí ó ti tó ọdún 65 láìgba owó. Kí àwọn ará wa tí ń gbé ibẹ̀ má ṣe fà sẹ́yìn. Àwọn arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́, àti àwọn tí ó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn ni àrùn yìí ń bá jà jù.

Bí ọmọdé bá ń mí lemọ́lemọ́, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí ètè rẹ̀ ṣú, tàbí tí kò lè mu ọmú, òtútù àyà lè ti wọ̀ ọ́. Kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́; kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa kọ́ ará ilé rẹ̀ ní ohun wọ̀nyí kí ọyẹ́ tó dé, nítorí ẹ̀mí ọmọdé kan lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà láti dúró sílé ní ọjọ́ kan.