Ìbẹ́pẹ Lẹ́yìnkùlé Ẹni Tí Ó Wà Ní Àjò



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ tàbí òwò gbé wá sí Òkè Ọya níhìn-ín. Wọn a ní, "Fadá, ilé tí mo ń gbé kì í ṣe tèmi, kí ni n ó gbin igi sí fún?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ti lè lo ogún ọdún nínú ilé ọ̀hún, tí ó ń ra gbogbo èso tí ó ń jẹ lọ́jà. Nígbà tí wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, ọgbà gbíngbìn wà lára ohun tí ó pa láṣẹ fún wọn, ilẹ̀ Bábílónì kì í sì í ṣe tiwọn.

Ìbẹ́pẹ, tí àwọn Hausa ń pè ní gwanda, ni igi ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọn yóò ṣí òun nípò padà. Láàárín ọdún kan sí ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ẹni tí ó gbìn ín lè jẹ ẹ́. Àlejò ni òun fúnra rẹ̀ pàápàá: ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ mú hóró láti inú èyí tí ó pọ́n tí ó sì dùn. Awọ kan tí ó ń yọ̀ bí ilá ni ó bo hóró náà, òun ni kì í jẹ́ kí ó tètè hù. Ẹ fi yanrìn ra á títí awọ náà yóò fi bọ́, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì sá a sí ibòji. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú kan, níbi tí omi kì í dúró sí, nítorí omi tí ó bá rogún sí ìdí ìbẹ́pẹ a máa mú gbòǹgbò rẹ̀ rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà rèé. Bí mẹ́ta bá hù, kíá ni wọn a fa méjì tu, wọn a dá èyí tí ó ga jù sí. Ta ni ó sọ fún wọn pé kì í ṣe akọ? Kò sí ojú tí ó lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo kí wọ́n tó yọ òdòdó. Òdòdó akọ a máa kéré, a sì máa rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pá gígùn. Ti abo tóbi, ó sì lẹ̀ mọ́ ara igi. Oríṣi kẹta wà tí akọ àti abo jọ wà nínú òdòdó kan náà, èso tirẹ̀ a sì máa gùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó mú àdá.

Ẹ má sì gé gbogbo akọ dànù. Akọ kan tó fún bí abo mẹ́wàá, kódà bí ó wà lẹ́yìn ògiri aládùúgbò. Mo ti parí ìjà láàárín ìdílé méjì lórí akọ ìbẹ́pẹ tí ọ̀kan gé, tí abo èkejì kò sì so dáadáa mọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n rò pé àfọ̀ṣẹ ni.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa bomi rin ín. Bí ìwé ìṣípòpadà bá sì dé kí èso tó pọ́n, ẹ fi igi han ẹni tí ń bọ̀ wá gbé ilé náà, kí ẹ sì sọ èyí tí ó jẹ́ akọ fún un.