ÀMÌ TÍ ÀLEJÒ Ń FI SÍLẸ̀ LÁRA OHUN ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ ÌLÚ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Abẹ́òkúta)

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, a rò ó lọ, a rò ó bọ̀, a sì yan ohun kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ohun náà ni àwọn àṣà tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń dá nídìí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti àmì tí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó wá wo ìlú onílùú kì í sábà gbé èrò ibi wá. Ó fẹ́ràn ohun tí ó rí ni. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, ó sì fẹ́ kí nǹkan tirẹ̀ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí òun bá ti lọ. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó wá, kò sí ohun tí ìbá bàjẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ẹ wo ọlọ tí ó wà nílé àwọn ìyá wa. Kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo ni ojú ọlọ jìn. Ìyá wa kò sì rò ó rí pé òun ń gbẹ́ òkúta; ata ni ó ń lọ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ó fi dàgbà, òkúta náà ti di kòtò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Vatican ní Róòmù. Ère Pétérù Mímọ́ kan wà nínú ilé ìjọsìn ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Idẹ ni a fi ṣe é. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹnu kò ó. Lónìí, ẹsẹ̀ náà ti jẹ, ó ti dán, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá àwọn ọmọ ìka rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí ó fi òòlù lù ú. Ìfẹ́ ni ó jẹ ẹ́.

Ní Verona, ní ilẹ̀ Ítálì kan náà, ère ọmọbìnrin kan wà tí à ń pè ní Juliet, ọ̀dọ́bìnrin inú eré tí Shakespeare kọ. Nereo Costantini ni ó ṣe ère náà, a sì gbé e sí àgbàlá ní ọdún 1972. Ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan ọmú ọ̀tún rẹ̀ yóò rí oríire nínú ìfẹ́. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń tò síwájú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2014, ère náà ti sán. Wọ́n gbé e wọ inú ilé, wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ níta. Ní ọdún 2024, ihò ti yọ lára ẹ̀dà náà pẹ̀lú. Ọdún mẹ́wàá péré ni ọwọ́ rírọ̀ fi lu idẹ líle já.

Ọ̀rọ̀ ti Paris tún ju èyí lọ. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ lórí odò Seine tí à ń pè ní Pont des Arts. Ní nǹkan bí ọdún 2008 ni àwọn olólùfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgádágodo kọ́ ara irin rẹ̀; wọn a kọ orúkọ wọn sí i lára, wọn a sì sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú odò, pé kí ìfẹ́ wọn má ṣe lè ṣí mọ́. Àgádágodo kan ha wúwo bí? Ẹ̀gbọ́n ń fi kọ́, àbúrò ń fi kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2014, apá kan ògiri irin náà wó lulẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú fi máa kó wọn kúrò ní ọdún 2015, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 45 ni ìwọ̀n àgádágodo tí ó wà lára afárá náà.

Ẹ̀kẹrin nínú àpẹẹrẹ wa ni ó dùn wá jù. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó ń fi kọ́kọ́rọ́ fá orúkọ rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sára Colosseum ní Róòmù, ilé ìran tí a ti ṣí láti nǹkan bí ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Nígbà tí ọ̀ràn náà di ńlá, ó kọ ìwé ìtúúbá. Ohun tí ó sọ nínú rẹ̀ ni pé òun kò mọ̀ pé ibẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ó dúró níwájú ohun tí ó ti lé ní 1,900 ọdún, kò sì mọ̀. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Bóyá ẹnì kan ń wí nínú ara rẹ̀ báyìí pé, “Kí ni ti Paris àti Verona kàn wá?” Ó kàn wá púpọ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́.

Ní àìpẹ́ yìí, a kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sí Òkè Olúmọ. A fi ihò àpáta hàn wọ́n, níbi tí àwọn baba ńlá wa sá pamọ́ sí nígbà tí ogun lé wọn kiri, tí Sódẹkẹ́ sì kó wọn dé ibí ní ọdún 1830. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ọmọbìnrin kékeré kan na ìka sí lẹ́tà méjì tí ẹnì kan fá sára òkúta. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ta ni ó ni orúkọ yìí? Ṣé ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun ni?”

Ẹnu wa wọ. Ẹ̀yin ará, àwa ni a kọ ọ́. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí a jẹ́ ọ̀dọ́, tí a bá àwọn ẹgbẹ́ wa gun òkè náà, àwa náà mú ìṣó, a sì fá lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wa síbẹ̀, nítorí pé a rí ti ẹlòmíràn níbẹ̀. A rò pé ohun kékeré ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Irun wa ti ń funfun. Lẹ́tà náà kò parẹ́. A kò lè dá ọmọ náà lóhùn níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níwájú yín ni a ń dáhùn lónìí: kì í ṣe jagunjagun rárá. Tíṣà ni.

Ohun tí ó tún dùn wá ni pé àmì mìíràn wà lára àpáta yẹn, tí kì í ṣe ti ìṣó. Àwọn ojú ọlọ wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ìyá wa ti lọ ohun tí wọn óò jẹ nígbà ìpọ́njú. Àwọn náà fi àmì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a lè mọ orúkọ wọn; kí ọmọ má baà kú fún ebi ni. Gbogbo wa tí a jókòó síbí ni èrè àmì wọn. Èrè wo ni ó wà nínú tiwa?

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe sọ pé kí àlejò má wá mọ́. Ìlú tí àlejò kì í wọ̀ kò ní gbòòrò. Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Róòmù yìí kan náà, orísun omi Trevi wà, tí a parí ní ọdún 1762. Àwọn àlejò gbà pé ẹni tí ó bá sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀ yóò tún padà wá sí Róòmù. Ìlú kò bá wọn jà. Wọ́n ń kó owó náà jáde lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi í fún ẹgbẹ́ àánú Ìjọ Àgùdà láti fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Ó sì ti ń ju mílíọ̀nù kan owó yúrò lọ lọ́dún. Ìfẹ́ àlejò kan náà ni. Ọ̀nà ni a là fún un.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a mú wá síwájú ẹgbẹ́. Èkínní, kí a bẹ àwọn tí ó ń ṣe àkóso Olúmọ, kí a sì fi owó ẹgbẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, kí a ri pátákó kan mọ́ ìsàlẹ̀ òkè, tí yóò sọ ọjọ́ orí ibẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, kí ẹnikẹ́ni má baà lè wí pé òun kò mọ̀. Èkejì, kí a fi ìwé ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí orúkọ òun kù síbẹ̀ kọ ọ́ sínú rẹ̀, kí àpótí ìtọ́jú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ó máa pa àwọn ìwé náà mọ́ lọ́dọọdún, kí ẹni tí ó bá padà wá lẹ́yìn ogún ọdún lè rí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí nínú iyàrá kí a tó kó wọn gun òkè.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun, tiyín wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín wálé nígbà Ọdún Lísàbí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ẹlòmíràn, ẹ fi ọwọ́ sápò, ẹ fi ojú wò ó. Ní ti àwa tí a wà nílé, bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, ayé yóò bá a fi kólẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ìṣó onílé lára àpáta ni yóò mú ìṣó tirẹ̀ jáde.

Òkúta gbà wá nígbà tí ilé kò gbà wá. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gba òkúta lọ́wọ́ ara wa. A ti ṣèlérí fún ọmọbìnrin kékeré náà, nínú ọkàn wa, pé a ó mú un padà dé ibẹ̀, a ó sì sọ òtítọ́ fún un lójú àwọn lẹ́tà méjì yẹn.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe. Àmín.