Àgọ́ Kì Í Ṣe Ilé: Ogunléndé Nínú Ibùdó Ológun

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ lónìí jẹ mọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, tí ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn sì kó lọ sí ibi tí àwọn ọmọ-ogun ti ń kọ́ iṣẹ́ wọn ní ìgbèríko, pẹ̀lú ìlérí pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìbéèrè tí ó jáde níbẹ̀ ni pé: báwo ni ìgbà díẹ̀ náà yóò ti gùn tó, ta ni yóò sì pinnu òpin rẹ̀?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ èdè wò, nítorí pé ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ogunléndé ni à ń pe ẹni tí ogun lé dé ọ̀dọ̀ ẹni. Orúkọ náà kò dá a lẹ́bi, ogun ni ó dá lẹ́bi. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ forí pamọ́ sí ni àgọ́. Àgọ́ kì í ṣe ilé. Ẹni tí ó pa á kò ní in lọ́kàn láti kú sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo iye ìlú àti àdúgbò tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àgọ́-Ọ̀jà ni Ọ̀yọ́ òde òní kí Aláàfin Àtìbà tó sọ ọ́ di olú-ìlú lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àgọ́-Ìwòyè wà ní Ìjẹ̀bú. Àgọ́-Ìjàyè wà ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí ogun fọ́ Ìjàyè ní 1862. Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn tí ogun tú nílé sì ń wọ́ tọ àwọn jagunjagun lọ síbẹ̀. Ohun tí a pè ní ti ìgbà díẹ̀ lè di ti títí láé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Mọdákẹ́kẹ́ korò ju ìyẹn lọ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sí Ilé-Ifẹ̀ kọ́kọ́ ń gbé láàárín àwọn onílé. Nígbà tí èdè-àìyedè pọ̀, Ọọ̀ni Abewéilá yọ ibùdó fún wọn lọ́tọ̀ ní nǹkan bí 1847. Ilẹ̀ wà, oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ kò yé tọ̀túntòsì bákan náà. Ohun tí a kò là yékéyéké nígbà náà ṣì ń dá ìjà sílẹ̀ ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ̀mí fi ṣòfò láti 1997 títí di 2000.

Ẹ jẹ́ kí á wo òkè òkun. Nígbà tí Kabul bọ́ sọ́wọ́ àwọn Taliban ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Amẹ́ríkà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Afghanístàn wá sílé, ó sì fi wọ́n wọ̀ sí ibùdó ológun mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Fort McCoy ní ìgbèríko Wisconsin, níbi tí àwọn ọmọ-ogun ti ń ṣe ìdánrawò. Iye ènìyàn tí ó wọ̀ síbẹ̀ lé ní 12,000. Kò sí èyí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú Sparta àti Tomah, ìlú méjì tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ìdí tí a fi yan irú ibẹ̀ kò fara sin: ibùsùn, omi, iná, ilé ìdáná ńlá àti ọ̀nà ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí àrùn èéyi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àlejò ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba dá ọkọ̀ òfurufú tí ń kó wọn bọ̀ dúró, a sì gún àwọn tí ó wà ní ibùdó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí òtútù dé, àwọn ará àdúgbò kó aṣọ òtútù wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn àjọ tí ń wá ilé fún wọn ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú ọgbà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2022 ni àwọn ìkẹyìn jáde ní Fort McCoy. Kí oṣù náà tó parí, ibùdó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ṣófo. Kò pé oṣù méje. Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá o: ìyọ̀ǹda ọdún méjì ni a fún ọ̀pọ̀ wọn láti gbé ìlú náà. Wọ́n kúrò lágọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò tíì balẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ogun bẹ̀rẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí ọdún 1989. Ní 1990 ni a ṣí àgọ́ ogunléndé sí Òrù-Ìjẹ̀bú, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará Sierra Leone náà wá lẹ́yìn tí ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ti ìgbà díẹ̀ ni èyí náà. Ó di 2007 kí Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti àjọ UNHCR tó fọwọ́ sí àdéhùn tí yóò jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lè máa gbé Nàìjíríà lábẹ́ òfin. Ó di ìparí oṣù kẹfà ọdún 2012 kí ipò ogunléndé àwọn ará Làìbéríà tó dópin. Ọmọ tí a gbé pọ̀n wọ àgọ́ náà ní 1990 ti tó ẹni tí ń gbé ọmọ tirẹ̀ pọ̀n.

Òrù kì í ṣe ibùdó ológun, síbẹ̀ ó pẹ́ ju Fort McCoy lọ fíìfíì. Nítorí náà, kì í ṣe odi àti ẹnubodè nìkan ni ó ń há ènìyàn mọ́. Àìsí ọ̀nà àbájáde ń há a mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó ológun ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó sá fún ìró ìbọn kò yẹ kí ó máa jí sí ìró ìbọn ìdánrawò. Àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà ti 1969 sọ pé ìgbàlejò ogunléndé jẹ́ iṣẹ́ àlàáfíà àti ti àánú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, alábòójútó tí kì í ṣe ológun ni ó yẹ kí ó máa darí ibẹ̀, kí ọmọ-ogun dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Bí ìjọba bá kéde lọ́la pé òun yóò kó irú àlejò bẹ́ẹ̀ wá sí ìtòsí Ìjàgbà ńkọ́? Àwọn àgbà yóò bèèrè irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ìbéèrè náà yóò sì tọ̀nà. Agbègbè tí ó rí ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 kò lè ṣe kí ó má fura. Ìfura ni oògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ìfura yàtọ̀ sí ìkórìíra: irú ìbọn tí ó sọ ará Ọ̀wọ̀ di ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ó sọ ẹlòmíràn di ogunléndé.

Ohun tí ó yẹ kí Ìjàgbà béèrè kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ni ìwọ̀nyí. Oko ta ni ọgbà náà yóò gbà, kí ni a ó sì san fún olóko? Ṣé omi tí a bá gbẹ́ fún àlejò yóò kan onílé? Iléèwé wo ni àwọn ọmọ yóò lọ? Ta ni yóò máa parí ìjà? Lékè gbogbo rẹ̀, ọjọ́ wo ni wọn yóò jáde, níbo ni wọn yóò sì gbà? Àgùnbánirọ̀ tí ó wọ ibùdó Ìkàrẹ́-Àkókó ń fara da fèrè ológun ní ìdájí nítorí pé ó mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìjáde, ibi tí ó dára pàápàá yóò sú u.

Àwọn àgbà sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ìjọba tí ó bá pe ìlú sí ìgbàlejò gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn án pé òun ni yóò san gbèsè náà. Wọ́n tún sọ pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ogun ti jó ilé rẹ̀, ibòmíràn ni a ó ti bá a wá ilé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò láàárín ara yín: nígbà tí ìjọba bá sọ pé fún ìgbà díẹ̀ ni, ta ni ó yẹ kí ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀?