Bí wọ́n ṣe ń ṣètò bọ́ọ̀lù ní Kepu Ferde

 

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹsẹ̀ ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ètò ni ó ń gbé e ró. Ẹ jẹ́ kí á wo orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ó fi èyí hàn.

Ilẹ̀ tí omi yí ká

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ni Kepu Ferde. Àwọn tí ó ń sọ Faransé ń pè é ní Cap-Vert. Inú òkun ni ó wà, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ibẹ̀ ju kìlómítà 500 lọ. Erékùṣù 10 ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yìí. Kí ni erékùṣù? Ilẹ̀ tí omi yí ká ni. Ènìyàn ń gbé lórí 9 nínú wọn. Ẹyọ kan tí ó kù kò ní olùgbé.

Àwọn Pọtogí ni ó jọba lé wọn lórí tẹ́lẹ̀. Amílcar Cabral àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún òmìnira. Wọ́n pa Cabral ní Conakry ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1973. Kò fi ojú ara rẹ̀ rí òmìnira tí ó jà fún. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1975, Kepu Ferde gba òmìnira. Ní ọdún 1982, wọ́n dá àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1986, wọ́n wọ FIFA, àjọ tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé.

Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2021, gbogbo ará ilẹ̀ náà kò pé 500 000. Báwo ni ìwọ̀nba ènìyàn báyìí, tí omi pín wọn níyà, ṣe lè ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo?

Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ń gbá tirẹ̀

Ètò wọn nìyí. Ẹgbẹ́ Praia kì í wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ bá ẹgbẹ́ Mindelo. Owó kò tó fún irú èyí. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan ní àjọ bọ́ọ̀lù tirẹ̀ àti ìdíje tirẹ̀. Erékùṣù 2 ni wọ́n pín sí apá àríwá àti apá gúúsù: Santiago àti Santo Antão. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Erékùṣù 9, a fi 2 kún un, ó di 11. Ìdíje 11 ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí ìdíje erékùṣù bá parí, ẹgbẹ́ tí ó borí ní ibi kọ̀ọ̀kan a lọ pàdé àwọn ẹgbẹ́ yòókù nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìgbà yẹn ni ìrìn-àjò lórí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú kì í balẹ̀ sí gbogbo erékùṣù. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Brava tàbí Santo Antão, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ilé rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ni ó ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Lúcio Antunes ni olùkọ́ tí ó kó ẹgbẹ́ wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọdún 2013. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹun ni dídarí ọkọ̀ òfúrufú ní pápá ọkọ̀. Ní ọdún náà, wọ́n wà lára ẹgbẹ́ 8 tí ó kẹ́yìn, kí Gánà tó lé wọn.

Àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun

Òjò kì í rọ̀ púpọ̀ ní Kepu Ferde. Ọ̀dá àti àìríṣẹ́ ti mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣí lọ sí Pọ́túgàl, Faransé, Hólàńdì àti Amẹ́ríkà. Wọ́n bímọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Àjọ bọ́ọ̀lù ń wá àwọn ọmọ wọ̀nyí káàkiri, ó sì ń pè wọ́n wálé.

Ẹ gbọ́ ti Roberto Lopes. Ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Kepu Ferde ni bàbá rẹ̀. Olùkọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ ìwé sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní èdè Pọtogí. Lopes kò gbọ́ èdè náà. Ó rò pé ìwé àwọn tí ń da ènìyàn láàmú ni, kò sì dáhùn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, olùkọ́ tún kọ̀wé. Ìgbà náà ni Lopes tó wá ìtumọ̀ ìwé àkọ́kọ́. Ní ọdún 2019, ó wọ aṣọ Kepu Ferde. Ẹgbẹ́ Tógò ni ó kọ́kọ́ bá gbá. Ìwé kan tí a kò lóye fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìlú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ borí, ìwé kò borí

Èyí tí ó dùn wọ́n jù nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n ń wá àyè sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014. Wọ́n lọ bá Tùnísíà nílé rẹ̀. Wọ́n gbá 2 sí 0. Wọ́n di olórí ìsọ̀rí wọn, ayọ̀ sì gba gbogbo erékùṣù.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wọ pápá ti gba káàdì pupa ṣáájú, ìyà tí FIFA fi jẹ ẹ́ kò sì tí ì parí. Òfin wí pé kò yẹ kí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. FIFA gba ìborí náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Tùnísíà borí, 3 sí 0. Tùnísíà ni ó tẹ̀ síwájú. Ohun tí ẹsẹ̀ ènìyàn 11 kó jọ, ìlà kan nínú ìwé tú u ká.

Kepu Ferde kò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ibẹ̀

Nígbà tí wọ́n ń wá àyè sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026, wọ́n wà ní ìsọ̀rí kan pẹ̀lú Kamẹrúùnù, Áńgólà, Líbíà, Mọ̀ríṣọ̀sì àti Eswatini. Ẹni tí ó bá borí gba àmì 3. Ẹni tí ó bá ta ọ̀mì gba àmì 1. Kepu Ferde gbá ìgbà 10. Wọ́n borí ní ìgbà 7, wọ́n ta ọ̀mì ní ìgbà 2, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21; a fi 2 kún un, ó di 23. Kamẹrúùnù ní 19.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n parí rẹ̀, ní Praia. Wọ́n na Eswatini, 3 sí 0. Ta ni ó gbá góòlù? Dailon Livramento, tí wọ́n bí ní Hólàńdì. Willy Semedo, tí wọ́n bí ní Faransé. Stopira, tí wọ́n bí ní Praia gan-an. Bubista, olùkọ́ wọn, ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè náà rí. Ọmọ ilé àti ọmọ òkè òkun ni ó jọ ṣe é. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, 14 oṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Uyo ní Nàìjíríà. Àwa ni a wà lókè ìsọ̀rí wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. A pàdánù, 4 sí 0, Gúúsù Áfíríkà sì gba àyè náà. Ó dùn wá. A kò sọ èyí láti dá àwọn ọmọ wa lẹ́bi. A sọ ọ́ kí á lè bi ara wa léèrè: kí ni a lè ṣe láti abúlé wa?

Ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò tí ó borí lọ pàdé ti abúlé kejì. Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye góòlù, ẹ kọ ẹni tí a fi ìyà jẹ àti ọjọ́ tí ìyà náà yóò parí. Ẹ ka òfin sókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tí ó mọ̀wé lè di ìwé yìí mú gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Ẹ kọ̀wé sí àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Kutọnu, ní Èkó, ní Abidjan, kí wọ́n mọ̀ pé ilé ń retí wọn.

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, kí ó kà á sókè fún ẹni tí kò tí ì mọ̀ ọ́n kà.